Ìdí tí Ènìyàn Méjì tí Ayé Wọn Kò Jọra fi Lè Fẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Wọn Gba Ẹ̀mí Ara Wọn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní àdúgbò wa ní Kubwa, Àbújá. Láàárín ọdún kan, ènìyàn méjì nínú wa fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ agùnbánirọ̀ ọmọ ọdún 24. Èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ku díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, ó ti kọ́lé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jáde yunifásítì. Ní ìpàdé, àwọn kan ní ìṣẹ́ ni, àwọn kan ní àrùn ọpọlọ ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àgbà kan sì ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọ̀kan nínú wọn. Èwo gan-an ni òótọ́? Báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó wà nínú ewu kí ó tó bọ́ sórí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin akọ̀wé wa, ẹ kú àfẹ́kù. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí méjèèjì nínú, kí Ó sì dáwọ́ irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró láàárín yín. Ohun tí ẹ kọ sí mi ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí nínú yàrá tí mo ti ń rí aláìsàn: olúkúlùkù ní ìdáhùn kan lọ́wọ́, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń lé èkejì jáde. Èmi kò yẹ àwọn olóògbé méjèèjì wò nígbà ayé wọn, nítorí náà n kò ní sọ pé ohun báyìí ni ó ṣe lágbájá. Ṣùgbọ́n mo lè ṣàlàyé bí irú ikú báyìí ṣe máa ń wáyé, kí ẹ lè rí i bí ọmọ ọdún 24 àti àgbà tí ó ti ń súnmọ́ 60 ọdún ṣe lè gba ọ̀nà tí kò jọra rárá dé ibì kan náà.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn tààrà. Nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n sọ ní ìpàdé yín, kò sí èyí tí ó tó fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́ nìkan kì í ṣe é, nítorí pé àwọn tí kò ní ju oúnjẹ òòjọ́ lọ pọ̀ ní Nyanya àti Mararaba lẹ́bàá Àbújá, tí wọ́n ń jí ní ìdájí tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Àìsàn ọpọlọ nìkan kì í ṣe é, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń tọ́jú ni kò gbìyànjú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn nǹkan tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ yóò pàdé ohun kan tí ó dé láìpẹ́, àwọn méjèèjì yóò sì ká ẹni náà mọ́ ibi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá sì wà nítòsí. Bí a bá mú ọ̀kan péré kúrò nínú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ikú náà kò ní wáyé. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ẹbí pé kí wọ́n dẹ́kun wíwá ìdí kan ṣoṣo bí ẹni tí ń wá ọ̀daràn, kí wọ́n béèrè ohun tí ó kó jọ sórí ẹni náà, ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Kubwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 727,000 ènìyàn ni ó kú báyìí káàkiri ayé ní ọdún 2021, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún irú ikú bẹ́ẹ̀, 73 ni ó wáyé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ tàbí tí owó wọn mọ níwọ̀n. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 15 sí 29, òun ni ó gba ipò kẹta nínú ohun tí ó ń pa wọ́n jù. Àwọn ọkùnrin tí ó ń kú báyìí tó ìlọ́po méjì àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀ jù. Ní ilẹ̀ wa, ẹbí púpọ̀ ni ó máa ń sọ pé àìsàn ráńpẹ́ ni ó pa olóògbé, nítorí náà ohun tí a ń gbọ́ kò tó ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àìsàn, nítorí pé òun ni a máa ń fojú fò jù láàárín àwa Yorùbá. Ìsoríkọ́ kì í sábà wá bá wa pẹ̀lú omijé. Ẹni tí ó ní in yóò sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí òun, pé àyà òun ń já, pé oorun kò kun òun mọ́ láti bí aago mẹ́ta òru. Wọn yóò tọ́jú ibà fún un, wọn yóò tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọn yóò tún ibà tọ́jú, yóò sì máa rù sí i lójú gbogbo ènìyàn. Kò ní gbádùn oúnjẹ mọ́, kò ní gbádùn ọ̀rẹ́, kò ní bìkítà bóyá Super Eagles borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi. Bí èyí bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe àárẹ̀ lásán mọ́. Àìsàn mìíràn wà tí ó máa ń gbé ènìyàn gòkè tí yóò fi máa náwó bí ọba, tí yóò tún jù ú sílẹ̀ tí kò fi ní lè dìde lórí ibùsùn. Òmíràn wà tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ń pàṣẹ fún un. Gbogbo wọn ni ó ń mú ewu náà pọ̀ sí i, gbogbo wọn ni ó sì ní ìtọ́jú. Ọtí àmujù àti oògùn olóró náà wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ń mú ìbànújẹ́ jinlẹ̀, wọ́n sì ń gba ìjánu kúrò lẹ́nu èrò.

Nípa ti àwọn ọ̀dọ́, ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí nǹkan ṣe máa ń yá kánkán. Àgbàlagbà lè fi oṣù mẹ́fà ro ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ìgbà tí ọ̀dọ́ pinnu àti ìgbà tí ó gbé ìgbésẹ̀, ó lè má ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ìdánwò tí ó fìdí rẹmi, àfẹ́sọ́nà tí ó yí padà, owó ilé tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, àwòrán ìhòòhò tí ẹnì kan ń fi halẹ̀ mọ́ wọn: ohun tí yóò dà bí ọ̀rọ̀ tí yóò kọjá lójú àgbà lè bo ojú ọ̀dọ́ tí kò fi ní rí ọ̀la. Àwọn agùnbánirọ̀ ní ti wọn pàtó. A gbé wọn kúrò láàárín ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì, a jù wọ́n sí ìlú tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé sì ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn ọdún náà.

Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo tọ́jú; mo ti yí ohun tí a lè fi dá a mọ̀ padà. Ó kó ìwé jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì mi, láti orí owó tí ó kọ́kọ́ yá lórí áàpù kan títí dé èyí tí ó yá láti fi san ti àwọn tí ó ṣíwájú. Gbogbo gbèsè náà kò ju owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ lọ. Kì í ṣe owó náà ni ó wó o lulẹ̀. Àwọn ayánilówó náà fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni, pásítọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà sì wà nínú wọn. Ó fi ìka lé ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé tí ó kẹ́yìn, ó ní, "Dókítà, ọjọ́ tí wọ́n pè mí lólè nìyí." Kò tún sọ ohun mìíràn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó sin ín wá ni ó sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà láyé lónìí, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti san gbèsè náà tán. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé àjọ FCCPC, tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 láti ká àwọn ayánilówó orí fóònù lọ́wọ́ kò. Bí ọmọ yín bá wà nínú irú rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bínú sí i nítorí gbèsè. Ẹ kọ́kọ́ mú ìtìjú náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ní apá òkè ọya níbí, ọ̀rọ̀ oògùn olóró kò ṣeé gbé jù sílẹ̀ bí a bá ń sọ ti ọ̀dọ́. Ìwádìí tí ìjọba ṣe pẹ̀lú UNODC, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ní ọdún 2018 fi hàn pé 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ni ó lo oògùn lọ́nà àìtọ́ láàárín ọdún tí ó ṣáájú, ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2018 kan náà ni ìjọba sì fòfin de oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú. Tramadol, oògùn ìrora tí wọ́n ń ṣì lò, àti irú rẹ̀ kò kúrò ní ìgboro. Ẹbí tí ọ̀rọ̀ ọmọ sú a máa fi í ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń pè ní ilé ìtọ́nisọ́nà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá rí àwọn ọkùnrin àti ọmọdé tí ó ju 300 lọ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rigasa, ní Kàdúná, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo ẹnikẹ́ni sàn, ó ń fi kún ohun tí ń mú kí ayé sú ẹni ni.

Ti àgbà ọkùnrin yàtọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín tẹ́tí sí jù, nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìn tì. Lójú àwọn ará ilé, ìsinmi ti dé. Lójú ẹni tí ó ti jẹ́ "ọ̀gá" fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún, tí àwọn ará abúlé rẹ̀ ń pè ní gbogbo ìgbà nítorí owó ilé ìwé, ohun tí ń bọ̀ ni ọjọ́ tí fóònù kò ní dún mọ́. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ni ó fi kọ́ ilé náà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá tún wà lára rẹ̀, tí ìyàwó sì wà ní Ìbàdàn láti ọdún tí ó ti pẹ́ nítorí ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ ó rí i pé ilé tí a rò pé ó kún lè jẹ́ ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń jẹun alẹ́. Àbújá ní àṣà kan tí ó máa ń dùn mí. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, gbogbo ìlú yóò tú, ojú ọ̀nà yóò dá, ẹni tí kò bá lówó tí yóò fi lọ sílé yóò sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kò lọ. Ẹ wo ẹni tí ẹ kò rí lọ́nà ilé ní ọdún méjì léra, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ wò.

Onímọ̀ ará Faransé kan, Émile Durkheim, ṣàlàyé ní ọdún 1897 pé ìdè tí ó wà láàárín ènìyàn àti àwùjọ rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò. Ó ní àwọn kan ń kú nítorí pé ìdè náà ti já, àwọn kan nítorí pé ó ti le jù, àwọn kan sì nítorí pé ayé yí padà lójijì tí ìlànà tí wọ́n mọ̀ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìtàn tiwa náà jẹ́rìí sí i. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ ní láti kú, àwọn kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá ọba lọ bí ọba bá wàjà. Ipò ni ó ń pa àwọn wọ̀nyẹn, kì í ṣe ìsoríkọ́. Àṣà náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa kò tíì lọ. A ṣì ń sọ ọ́ létí ọmọ wa pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, a sì ń rò pé ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ni a ń kọ́ ọ. Mo ti jókòó ti àwọn tí wọ́n gba òwe yẹn gbọ́ ní òru tí ó burú jù ní ayé wọn. Ó yẹ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín ṣọ́ra bí wọ́n ṣe ń lò ó níwájú ọ̀dọ́ tí ó ti kówó jẹ tàbí tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ kò béèrè nípa àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n n kò lè kọjá láìsọ ọ́. Obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò lè gbé ọmọ mọ́ra, tí ó ń sọ pé ọmọ náà yóò rí ìtọ́jú tí ó dára jù bí òun kò bá sí, nílò dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ọkọ ń lù, ẹni tí wọ́n ń fi àìrọ́mọbí ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tí ilé ní kí ó dákẹ́, gbogbo wọn ni ó wà nínú ewu tí kì í hàn lójú. Bákan náà ni àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn tí ó sá wá láti Borno ń gbé ní Durumi àti Kuchigoro nínú Àbújá wa yìí. Láàárín àwa Yorùbá náà, àwọn ìdílé tí wọ́n ti gbé ní Kàdúná àti Jos láti ìran dé ìran wà, tí wàhálà ọdún 2000 àti 2001 tú wọn ká, tí wọ́n padà sí Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n sì di àlejò nílé bàbá wọn. Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà kì í tán lára kíákíá, ó sì lè tún dìde lẹ́yìn ogún ọdún.

Ní ti ohun tí àgbà yín sọ nípa ẹ̀jẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè ṣe ìpalára bí a kò bá parí rẹ̀. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ kú báyìí wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Ara ohun tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ àti ìwà kí nǹkan tètè ka ènìyàn lára. Ara rẹ̀ kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá: ọ̀fọ̀ tí a kò jẹ́ kí wọ́n ṣe, àṣírí tí gbogbo ilé ń rìn yí ká, àti ohun tí ọmọ rí pé bàbá òun ṣe nígbà tí nǹkan le. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní kú ikú náà láéláé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní ìpàdé pé ìdílé kan ní ègún, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà ba ìgbéyàwó ọmọ wọn jẹ́.

Nípa ọwọ́ ayé, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Al-Qur'ān sọ nínú Sūra Kẹrin, ẹsẹ 29, pé kí a má ṣe pa ara wa, Kristẹni náà sì gbà pé Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Mo ti rí ẹni tí àdúrà àti ìjọ fà padà létí ọ̀gbun. Kí àdúrà máa lọ, kí ìtọ́jú sì máa lọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a ní kí aláìsàn jù oògùn rẹ̀ nù, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí kò tíì jẹun dáadáa láti oṣù tí ó kọjá, tàbí kí a nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde. Bákan náà ni ìwàásù tí ń sọ níbi òkú pé ọ̀run àpáàdì ni olóògbé wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń ti ọ̀rọ̀ yìí mọ́ inú ilé, òun ni òfin. Ní òkè ọya àti ní Àbújá, abala 231 nínú Penal Code, ìwé òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún kan, tàbí kí ó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Abala 327 nínú Criminal Code ti gúúsù náà pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ṣe ohun rere púpọ̀, ó sì fòpin sí òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa àwọn abala wọ̀nyẹn rẹ́. Orílẹ̀-èdè Ghana pa tiwọn rẹ́ ní ọdún 2023. Lójú tèmi, òfin náà ń pa ènìyàn, nítorí pé ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ń mú kí ẹbí fi ẹni tí ó farapa pamọ́ sílé nígbà tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí ni a kọ́kọ́ ń gbà là.

Wàyí o, báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ohun tí ó lágbára jù nínú gbogbo àmì ni pé ẹni náà ti gbìyànjú rẹ̀ rí, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́tí sí ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó ń sọ pé òun ti di ẹrù lọ́rùn ẹbí, pé gbogbo yín yóò sinmi bí òun kò bá sí, kò sọ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wo ẹni tí ó ń pín ohun ìní rẹ̀ láìsí ìdí, tí ó ń kó nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì lé ìyàwó lọ́wọ́, tí ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ láti tọrọ àforíjì. Ẹ fura sí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó dé lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, torí pé ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín.

Bí ẹ bá fura, ẹ béèrè. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ara máa ń fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀ níkẹyìn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé bí ẹnì kan bá ní ayé sú òun, a ó tètè dá a lóhùn pé, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀tá rẹ ni yóò kú." Ìfẹ́ ni ó bí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni ó ń tì. Ẹ lè bi ọ̀dọ́ pé, "Mo rí i pé o kì í sùn mọ́. Ṣé ó ti le débi tí o fi ń rò pé kí o má sí láyé?" Sí àgbà, ọ̀rọ̀ náà ṣòro lẹ́nu ọmọdé, nítorí náà ojúgbà rẹ̀ tàbí ẹni tí ó jù ú lọ ni kí ó lọ bá a ní òun nìkan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ń ro ti kí ẹ kúrò láyé?" Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a jà, ẹ má wàásù. Ẹ béèrè bóyá ó ti ro ọ̀nà tí yóò gbà. Bí ó bá ti rò ó, kí ẹnikẹ́ni má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ kó oògùn, májèlé kòkòrò àti ohun ìjà kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Má rò pé kíkó nǹkan kúrò nílẹ̀ kò já mọ́ nǹkan torí pé yóò wá òmíràn. Nígbà tí Sri Lanka fòfin de àwọn oògùn oko tí ó le jù, iye àwọn tí ó ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ fi nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín ọdún 1995 sí 2015. Ìgbì náà máa ń kọjá bí ohun èlò kò bá sí lọ́wọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ tí wọ́n yè ni kò sì kú irú ikú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní Àbújá, ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Karu ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó wà ní Gwagwalada náà ní in. Ní Kàdúná, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa. Bí ó bá di pàjáwìrì, ẹ pe 112, tàbí kí ẹ wọ ilé ìwòsàn èyíkéyìí tí ó súnmọ́ yín jù. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra yín, ẹ pe ẹnì kan kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú, kí ẹ sì sọ fún un bí ó ṣe rí gan-an.

Ó ku ti àwọn ilé méjì tí ikú náà ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n agùnbánirọ̀ yẹn ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ni òun kò rí. Àwọn ọmọ bàbá yẹn ń gbọ́ ohun tí àdúgbò ń sọ. Ẹ pín ara yín, kí ẹnì kan máa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ máa dárúkọ olóògbé, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n dákẹ́ bí ó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà bóyá ó ń sùn. Bí kò bá ń sùn, ẹ mú un wá sí Karu, kí ẹnì kan nínú yín sì bá a jókòó títí dókítà yóò fi pè é.